Boaz Tó Fi Ẹrù Ṣáájú Ohùn

Ẹ sún mọ́bí díẹ̀ sí i. Ẹni tó bá jìnnà sí mi, ìdajì ọ̀rọ̀ ló máa gbọ́, ìdajì ọ̀rọ̀ ló sì máa ń dájà sílẹ̀. Ìwọ tó pọnmọ yẹn, wá jókòó, ọmọ náà á sùn. Ọ̀rọ̀ Boaz Lánípẹ̀kun ni mo fẹ́ sọ, Boaz ọmọ Ìròlú, tó ń ṣiṣẹ́ nídìí abọ́ ńlá orí òrùlé ní Ṣàgámù. Èèyàn dáadáa ni. Mo tètè sọ ọ́, kí ẹ má bàa sọ ọ́ di ìkà nígbà tí mo bá débi tí ọ̀rọ̀ ti dunni. Ìkà kọ́. Ó kàn dá ara rẹ̀ lójú ni, ìyẹn sì burú tó.

Ìròlú ni wọ́n bí i sí, láàárín obì àti ọ̀pẹ. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń ṣa obì nílẹ̀, òun ń wòkè. Wáyà tẹlifóònù tó gba ẹ̀gbẹ́ títì kọjá ló máa ń wò. Á ní, "Ta ló ń sọ̀rọ̀ nínú ẹ̀ báyìí o?" Ìyá rẹ̀ á ní, "Èmi ni. Mo ní kó o wá gbé agbọ̀n."

Nígbà tó dàgbà, ó wọṣẹ́ tẹlifóònù ìjọba, ó di ẹni tó ń gun òpó. Àárín ìgbà yẹn ló fẹ́ Susanna, Susanna ló sì mú un wọ ìjọ àwọn tó ń sinmi lọ́jọ́ Sátidé, ní Ìkẹ́nnẹ́. Ìyàwó ló mú ọkọ lọ, àmọ́ kò pẹ́ kò jìnnà, ọkọ ló wá mọ òfin ju ìyàwó lọ. Ẹ̀yin náà mọ irú wọn. Ẹni tó wọlé gbẹ̀yìn ló máa ń ti ilẹ̀kùn gbọin-gbọin. Tó bá ti di ìrọ̀lẹ́ Fúráìdè, kí oòrùn tó wọ̀, Boaz ti wẹ̀, bàtà ti dán, oúnjẹ ọjọ́ kejì ti wà nínú kúlà. Kò ní dáná, kò ní rajà, kò ní fọwọ́ kan iṣẹ́, títí oòrùn Sátidé á fi wọ̀. Àwọn aládùúgbò máa ń fi ṣàwàdà pé bí ilé bá ń jó lọ́jọ́ Sátidé, Boaz á ní kó rọra máa jó títí dìrọ̀lẹ́.

Ìgbà tó ń gun òpó yẹn náà ló mọ Àlàájì Yésúfù, tó ń ta obì ní Sábó, ní Ṣàgámù, obì tó ń wọ tírélà lọ sí ilẹ̀ Haúsá. Boaz ló fa tẹlifóònù wọ ilé Àlàájì. Hàmdálátù, ọmọ Àlàájì, kékeré ni nígbà yẹn. Ó dúró sídìí àkàbà, ó gbórí sókè.

"Bọ̀ọ̀dá Orí Òpó, ṣé ẹ ń rí Lọ́ńdọ̀nù níbẹ̀ yẹn?"

"Mò ń rí i kedere. Wọ́n ní kí n kí ẹ."

Láti ọjọ́ náà ló ti ń pè é ní Bọ̀ọ̀dá Orí Òpó, títí ó fi dàgbà, tó fi kàwé, tó fi wọ bàálù lọ sí Lọ́ńdọ̀nù tí wọ́n fi ṣeré yẹn gan-an.

Ìjọba wá dín òṣìṣẹ́ kù, Boaz sọ̀ kalẹ̀ lórí òpó. Ó jókòó sílé, ó ń tún rédíò àdúgbò ṣe. Ibi tó wà nìyẹn tí ọ̀gá kan tó ń gbé l'Ékòó fi wá gbé abọ́ sátẹ́láìtì kalẹ̀ sórí òrùlé ilé alájà kan ní Ṣàgámù, tó ṣí bísínẹ́ẹ̀sì sẹ́ńtà sábẹ́ rẹ̀, tó sì fi Boaz ṣe olórí níbẹ̀. Ọdún tí gbogbo èèyàn ń pariwo pé kọ̀mpútà máa ya wèrè tí a bá fi wọ túù táósáńdì ni. Okùn tẹlifóònù ìlú ti bà jẹ́ lẹ́yìn òjò, kò sẹ́ni tó rí i pè. Ẹni tó lọ́mọ lókè òkun, abẹ́ abọ́ Boaz ló ń bọ̀. Inú Boaz sì dùn. Ó tún ti padà sókè.

Ẹ jẹ́ n sọ bí nǹkan ọ̀hún ṣe ń ṣiṣẹ́, bí Boaz fúnra rẹ̀ ṣe máa ń sọ ọ́ fún oníbàárà. Àpótí kan wà nílẹ̀, kọ̀mpútà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, wáyà ti ibẹ̀ lọ sínú abọ́, abọ́ kọjú sójú ọ̀run. Ọ̀nà tó wá ti inú abọ́ lọ sókè, ọ̀nà tóóró ni, bí ọ̀nà oko. Ẹni tó ń pe fóònù, ibẹ̀ ló ń gbà. Létà orí kọ̀mpútà tí wọ́n ń pè ní í-meèlì, ibẹ̀ ló ń gbà. Àwọn lẹ́kítúrà tó ń fa ìwé ńláńlá àti orin láti Amẹ́ríkà, ibẹ̀ náà ni. Tí gbogbo wọn bá kó wọ ọ̀nà lẹ́ẹ̀kan náà, wọ́n á fún ara wọn pa. Ìdí nìyẹn tí ojú ewé kan fi wà nínú kọ̀mpútà yẹn, tí èèyàn á ti sọ fún àpótí pé lágbájá ni kó kọ́kọ́ kọjá, tàmẹ̀dù ni kó tẹ̀ lé e, làkáṣègbè ni kó yà sínú igbó kó dúró.

Lóko tiwa, ẹni tó ru ẹrù là ń yà fún lọ́nà. Ẹni tó ń ju apá lásán á bọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́, á ní ẹ kú ẹrù o, ẹlẹ́rù á kọjá. Bí wọ́n ṣe tọ́ Boaz nìyẹn, nítorí náà lọ́jọ́ àkọ́kọ́ tí wọ́n fi àpótí yẹn lé e lọ́wọ́, ẹrù, ìyẹn àwọn ìwé ńláńlá àti orin yẹn, ló fi ṣáájú. Ọjọ́ yẹn, gbogbo ẹni tó pe fóònù di akólòlò. Obìnrin kan gbé fóònù jù sílẹ̀, ó fi igbe ta pé àrùn ti mú ọkọ òun lẹ́nu ní Jámánì! Boaz ló sáré yí i padà. Ohùn lọ sókè, létà tẹ̀ lé e, ẹrù gbẹ̀yìn, ni ọkọ obìnrin bá ń sọ̀rọ̀ geere. Boaz wá sọ ọ̀rọ̀ kan tí gbogbo àdúgbò ń tún sọ kiri. Ó ní létà tó bá dúró díẹ̀, létà náà ni. Ẹrù tó bá dúró, ẹrù náà ni. Ohùn ni kò ní sùúrù. Ohùn tó bá dúró lọ́nà, ó ti kú.

Ẹ rí i pé ó mọ̀ ọ́n. Kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n jù ú lọ.

Kí èèyàn tó dé ojú ewé yẹn, ọ̀rọ̀ ìkọ̀kọ̀ kan wà tó máa tẹ̀, Boaz nìkan ló mọ ọ̀rọ̀ náà. Kò sọ ọ́ fún Bánkẹ́, ọmọ Màkún, tó ń bá a dúró ní ṣọ́ọ̀bù, tó sì ń dá dúró lọ́jọ́ Sátidé. Bánkẹ́ ti bi í rí.

"Bọ̀ọ̀dá Boaz, tí nǹkan bá bà jẹ́ lọ́jọ́ tí ẹ ò sí ńlẹ̀ ńkọ́?"

"Kò ní bà jẹ́. Tí mo bá ti tò ó, ó ti tò nìyẹn."

"Ẹ̀yin àti Ọlọ́run ni ẹ máa ń sọ̀rọ̀ báyẹn," ni Bánkẹ́ wí.

Wàyí o, lọ́sẹ̀ kan, Àlàájì Yésúfù wọ ṣọ́ọ̀bù. Ó jókòó, ó ṣí fìlà, ó tún un dé.

"Boaz, ọmọ mi fẹ́ lọ́kọ."

"Hàmdálátù! Áà, Bọ̀ọ̀dá Orí Òpó ti darúgbó nìyẹn."

"Tí ìwọ bá darúgbó, kí la máa pe èmi? Lọ́ńdọ̀nù ni wọ́n ti máa so yìgì, láàárọ̀ Sátidé tó ń bọ̀ yìí. Dókítà ní mi ò gbọdọ̀ wọ bàálù, ẹ̀jẹ̀ mi ń ru. Mo ní kí wọ́n dúró dìgbà tára mi bá mókun, ọkọ ní òun ò lè dúró mọ́."

"Àwọn ọkọ ìsinsìnyí."

"Má dá wọn lẹ́jọ́. Èmi náà ò dúró nígbà tèmi."

Àwọn méjèèjì rẹ́rìn-ín. Àlàájì wá sọ ohun tó gbé e wá. Lèmọ́mù tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù ní kí bàbá ìyàwó fẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́ lórí fóònù, kí gbogbo jàmáà gbọ́ ọ ketekete, pé òun Yésúfù fi ọmọ òun fún ọmọkùnrin yìí. Wọn ò gba ìwé. Ẹnu bàbá ni wọ́n fẹ́ gbọ́, Àlàájì náà ò sì fẹ́ fi ìwé ránṣẹ́. Ṣé bébà ló bí Hàmdálátù ni?

"Tí wọn ò bá wá gbọ́ yín ńkọ́?" ni Boaz bi í.

"Wọ́n ní àbúrò bàbá ló kàn. Lìádì." Àlàájì pe orúkọ yẹn bí ẹni tó jẹ kòkòrò mọ́ obì.

Ọmọ ìyá kan, bàbá kan ni òun àti Lìádì. Lìádì ti pẹ́ ní Lọ́ńdọ̀nù. Nígbà tí ìyá wọn kú, kò wá. Wọ́n dúró dè é títí dọjọ́ àdúà ogójì, kò wá, kò ránṣẹ́ pé òun ò lè wá. Àlàájì dúró lẹ́bàá ibojì, ó búra pé ọwọ́ tí kò bu yẹ̀pẹ̀ sí ìyá òun, ọwọ́ yẹn ò ní fa ọmọ òun fọ́kọ láé. Gbogbo Sábó ló gbọ́ ọ.

"Torí ẹ̀ ni mo fi ní kí awakọ̀ gbé mi lọ sí Èkó ní Fúráìdè," ni Àlàájì wí. "Kí n sùn síbẹ̀, kí n pè níbẹ̀. Mo kàn ní kí n bi ẹ́ léèrè ibi tí fóònù wọn ti mọ́ jù ni."

Ọ̀rọ̀ yìí gún Boaz lára. Àlàájì á fi abọ́ tòun sílẹ̀, á lọ sí Èkó?

"Àlàájì, kí lẹ fẹ́ lọ gbé ara tí ò yá lọ sí Èkó ṣe? Ẹ jókòó ní Ṣàgámù yín. Ohùn yín á dé àárín wọn bí ẹni pé ẹ wà lórí ẹní pẹ̀lú wọn. Èmi ni mo sọ bẹ́ẹ̀."

"Ìwọ ò ní sí níbí. Sátidé ni."

"Màá ti tò ó sílẹ̀ láti Fúráìdè. Bánkẹ́ á kàn bá yín tẹ nọ́ńbà ni."

Àlàájì wò ó. "Boaz, ẹnu mi ni mo gbé lé ẹ lọ́wọ́ yìí o."

"Ó bọ́ sọ́wọ́ ẹni tó mọ̀ ọ́n gbé."

Àlàájì ní kí awakọ̀ má ṣèyọnu mọ́.

Ó di Fúráìdè. Boaz mú ìlérí rẹ̀ ṣẹ. Láti ọ̀sán ló ti wò ó pé ohùn ṣì wà ní ipò kìíní, tó ti gbogbo yòókù sẹ́yìn pátápátá. Ó pe Lọ́ńdọ̀nù wò, ó mọ́ gaara. Ó ń palẹ̀ mọ́ láti lọ sílé nígbà tí Arákùnrin Olúdọ̀tun wọlé, lẹ́kítúrà kan tí wọ́n jọ ń lọ sí ìjọ kan náà.

"Arákùnrin Boaz, ẹ gbà mí. Orin àti ìwàásù tí mò ń fà láti Amẹ́ríkà látàárọ̀, ìgbín yá jù ú lọ. Àwọn ọ̀dọ́ fẹ́ fi ṣe ìpàdé lọ́la, tí Ọjọ́ Ìsinmi bá ti lọ sílé."

"Ẹ̀yìn ló wà, arákùnrin. Ohùn ló wà níwájú."

"Lọ́la tí Bánkẹ́ bá wá fi fóònù kún ọ̀nà látàárọ̀ dalẹ́, ìgbà wo ni tiwa á dé? Àwa ò sì ní fọwọ́ kàn án. Ẹ gbé e síwájú, kó máa dá ara rẹ̀ wọlé, kí a wá bá a níbẹ̀. Ti Olúwa mà ni."

Ti Olúwa. Ọ̀rọ̀ yẹn ni kọ́kọ́rọ́ Boaz. Ẹni tó bá ti sọ ọ́, ó ti ṣílẹ̀kùn. Boaz wo òde, oòrùn ti ń fẹ̀yìn ti ọ̀pẹ. Ó rántí Àlàájì, ẹ má sọ pé kò rántí rẹ̀. Ó dúró, ó ṣírò ó. Tí ẹrù bá wà níwájú, kí ilẹ̀ tó mọ́, á ti wọlé tán. Tó bá ti wọlé tán, ọ̀nà á ṣófo, ohùn Àlàájì á máa rìn ín bí ọba. Ìṣirò tó dáa ni. Iná nìkan ló gbàgbé. Ẹ sọ fún mi o, ní Nàìjíríà yìí, èèyàn máa ń ṣírò kó má ka iná mọ́ ọn?

Ó tẹ ọ̀rọ̀ ìkọ̀kọ̀ rẹ̀, ó gbé ẹrù sí ipò kìíní.

Bánkẹ́ ń gbálẹ̀ níwájú ilé. "Bọ̀ọ̀dá Boaz, ṣé kò sí nǹkan tó yẹ kí n mọ̀ nípa ti Àlàájì?"

"Tẹ nọ́ńbà, gbé fóònù fún wọn. Ó tán."

Ó gun ọ̀kadà lọ sílé. Omi ìwẹ̀ ti gbóná, Susanna ti gbé e síbi tó ti ń wẹ̀. Oòrùn wọ̀, wọ́n kọrin, wọ́n gbàdúrà. Ọkàn Boaz balẹ̀ bí omi inú àmù.

Iná lọ lóru. Ẹrù dúró lọ́nà, gbogbo èyí tó ti wọlé dànù. Nígbà tílẹ̀ mọ́, Bánkẹ́ fa jẹnẹrétọ̀, kọ̀mpútà jí, ẹrù Arákùnrin Olúdọ̀tun jí pẹ̀lú rẹ̀, ó tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, níwájú gbogbo èèyàn, ó fẹ̀ dí ọ̀nà.

Boaz ò mọ̀. Ó ti wà ní ṣọ́ọ̀ṣì, nínú ẹ̀kọ́ òwúrọ̀ tí wọ́n máa ń ṣe kí ìwàásù tó bẹ̀rẹ̀. Ó ń dáhùn ìbéèrè lọ́wọ́ nígbà tí ẹnì kan fọwọ́ kàn án léjìká pé obìnrin kan ń wá a níta. Ó jáde, ó bá Bánkẹ́ lábẹ́ igi, gèlè ti ṣubú sí ọrùn rẹ̀, ọlọ́kadà dúró lẹ́yìn rẹ̀, kò pa ẹ̀rọ.

"Bọ̀ọ̀dá Boaz, kí lẹ ṣe sí fóònù yẹn?"

"Kí ló ṣe é?"

"Ó ń gé ohùn bí ẹni ń gé ilá! Àlàájì ti wọ aṣọ funfun, àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ jókòó tì í. Ó ní, 'Èmi Yésúfù,' wọ́n gbọ́ 'mi... sú.' Lèmọ́mù ní kó tún un sọ. Ó ti tún un sọ títí, ojú ń tì í. Lìádì ti gba fóònù lọ́hùn-ún, ó ní 'ẹ̀gbọ́n mi, mi ò gbọ́ yín.' Mo fẹ́ pa kọ̀mpútà, àmọ́ tí mo bá pa á, fóònù náà kú. Ẹ dìde, ká lọ."

Boaz ti mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ kí Bánkẹ́ tó pa ẹnu dé. Ó wo ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀ṣì, ó wo Bánkẹ́.

"Bánkẹ́, Ọjọ́ Ìsinmi ni."

"Mo mọ̀ pé Sátidé ni, mo ní kàlẹ́ńdà. Ó dáa, ẹ má bá mi lọ. Ẹ sọ ọ̀rọ̀ ìkọ̀kọ̀ yẹn sí mi létí. Ọ̀rọ̀ ẹyọ kan! Èmi ni màá tẹ̀ ẹ́. Ẹ̀ṣẹ̀ á wà lọ́rùn mi."

"Kì í ṣe bẹ́ẹ̀ ló rí. Òfin ní èmi ò gbọdọ̀ ṣe é, mi ò sì gbọdọ̀ jẹ́ kí ẹlòmíì bá mi ṣe é. Ọmọ mi, ìránṣẹ́ mi, títí kan àlejò tó wà lọ́dọ̀ mi."

Bánkẹ́ la ẹnu. "Ta ni àlejò? Èmi ọmọ Màkún, nínú Ṣàgámù tí wọ́n bí mi sí, ẹ̀yin ará Ìròlú ló ń pè mí lálejò?"

Ọlọ́kadà bú sẹ́rìn-ín. Boaz ò rẹ́rìn-ín. Bánkẹ́ náà ò rẹ́rìn-ín. Ó tún gèlè rẹ̀ wé, ó sì rẹ ohùn sílẹ̀.

"Bọ̀ọ̀dá Boaz, ọkùnrin yẹn fẹ́ lọ sí Èkó. Ẹ̀yin lẹ ní kó má lọ."

Ó gun ọ̀kadà, ó lọ.

Boaz wọlé padà, ó jókòó ti Susanna. Ìwé wà lọ́wọ́ rẹ̀, kò rí ohun tó wà nínú rẹ̀. Susanna fi ìgúnpá kàn án.

"Bàbá Ìmọ́lẹ̀, kí ló dé?"

Ó sọ ọ́ fún un wúyẹ́wúyẹ́. Susanna pa ìwé tirẹ̀ dé.

"Tí màlúù wọn bá já sí kòtò lónìí, ẹ ò ní bá wọn fà á?"

"Kì í ṣe màlúù, Ìyá Ìmọ́lẹ̀."

"Ṣé ọmọ èèyàn wá kéré sí màlúù ni?"

Boaz yíjú sí pẹpẹ. Ó jókòó. Wọ́n kọrin, ó dìde kọ ọ́. Wọ́n gbàdúrà, ó dijú. Ohun tí ojú rẹ̀ ń rí ni Àlàájì nínú aṣọ funfun, tó di fóònù mọ́ etí, tó ń pe orúkọ ara rẹ̀ láìmọye ìgbà bí ẹni tó sọnù. Bó ṣe ń rí i, bẹ́ẹ̀ ló ń sọ fún ara rẹ̀ pé ẹni tó bá tẹ̀ síwájú nínú òtítọ́ á rí àdánwò. Ó tún ń sọ pé bóyá ẹrù á ti wọlé tán. Ó tún ń sọ pé bóyá Lèmọ́mù á ní kí wọ́n dúró dìrọ̀lẹ́. Èèyàn tó fẹ́ jókòó, kì í wá àwíjàre tì. Ó jókòó bẹ́ẹ̀ títí pásítọ̀ fi gun orí pẹpẹ, tó ní kí ìjọ dìde kọ orin. Wọ́n ti kọ ọ́ dé àárín nígbà tí Boaz gbé ìwé lé Susanna lọ́wọ́, tó gba àárín àga kọjá lójú gbogbo èèyàn, tó jáde. Arákùnrin Olúdọ̀tun rí i pé ó jáde, ó rò pé inú ló ń run ún.

Ó dá ọ̀kadà dúró. Fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ìgbà tó ti di ọmọ ìjọ, ó sanwó ọkọ̀ lọ́jọ́ Sátidé.

Nígbà tó dé ṣọ́ọ̀bù, àwọn ọ̀rẹ́ Àlàájì ti lọ. Àlàájì nìkan ló jókòó, ọwọ́ lórí itan. Wọ́n ti gbé fóònù kalẹ̀. Bánkẹ́ wo Boaz, ó yà kúrò nídìí kọ̀mpútà fún un.

Boaz ò kí ẹnikẹ́ni. Ó lọ tààrà síbi kọ̀mpútà, ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ tẹ ọ̀rọ̀ ìkọ̀kọ̀, ó ti ẹrù sẹ́yìn, ó ti ohùn síwájú. Kò tó ìṣẹ́jú tí èèyàn á fi mumi. Ohun tó kọ̀ láti ṣe látàárọ̀ ò tó ìṣẹ́jú tí èèyàn á fi mumi. Ó tẹ nọ́ńbà Lọ́ńdọ̀nù. Ó dún, wọ́n gbé e.

Ohùn wá mọ́. Ó mọ́ débi pé wọ́n ń gbọ́ bí àwo ṣe ń kan àwo lọ́hùn-ún, wọ́n gbọ́ ẹ̀rín obìnrin, wọ́n gbọ́ ọmọ kékeré tó ń bèèrè ẹran. Lìádì ló gbé e.

"Ta nìyẹn? Ẹ̀gbọ́n mi ni?"

Boaz na fóònù sí Àlàájì. Àlàájì wò ó bí ẹni tí wọ́n na iná sí, kó tó gbà á.

"Èmi ni."

"Áà, a ń gbọ́ yín báyìí o! Àlàmùdùlíláì. A dúró, a dúró, Lèmọ́mù ní òun ní ibòmíì tóun ń lọ. Wọ́n ti so ó, ẹ̀gbọ́n mi. Èmi ni mo dúró fún yín. Ẹ má bínú."

Àlàájì ò bínú, kò sì dúpẹ́. "Fún mi lọ́mọ mi."

Hàmdálátù gba fóònù. Boaz dúró níbẹ̀, ó ń gbọ́ ọ, ohùn ti mọ́ jù.

"Bàbá mi. Mo fetí mọ́ ọn títí. Mi ò gbọ́ yín."

"O ń gbọ́ mi báyìí?"

"Mò ń gbọ́ yín." Ó bú sẹ́kún.

"Dákẹ́. Ọlọ́run á fàlùbáríkà sí i. Dákẹ́, àtíkè ojú ẹ á bà jẹ́." Àlàájì gbé fóònù kalẹ̀ jẹ́jẹ́. Ó dìde, ó wo Boaz láti orí dé bàtà rẹ̀ tó ń dán. "Ìwọ náà kúrò ní ṣọ́ọ̀ṣì? Ó mà ṣe o, o ò bá ti jókòó."

Kì í ṣe èébú. Àánú ló ṣe Àlàájì, òun ló jẹ́ kó burú.

Ẹ ò rí ayé Boaz. Ó ba Ọjọ́ Ìsinmi jẹ́, kò sì rí nǹkan kan mú nínú rẹ̀. Ká ní ó ti lọ nígbà tí Bánkẹ́ wá, á ti jẹ̀bi ní ṣọ́ọ̀ṣì nìkan. Ká ní kò lọ rárá, á ti jẹ̀bi ní Sábó nìkan. Ó jókòó pẹ́ tó láti ba ti Sábó jẹ́, ó sì dìde yá tó láti ba ti ṣọ́ọ̀ṣì jẹ́. Ó lọ bá pásítọ̀, ó jẹ́wọ́. Pásítọ̀ bi í pé, èwo gan-an lo kábàámọ̀, pé o jáde, tàbí pé o ò tètè jáde? Boaz kúnlẹ̀, pásítọ̀ bá kàn gbàdúrà fún un.

Ó kọ ọ̀rọ̀ ìkọ̀kọ̀ náà sínú bébà, ó fún Bánkẹ́. Bánkẹ́ gbà á, ó ní, "Ẹ ṣé," kò fi ẹyọ àwàdà kan kún un. Arákùnrin Olúdọ̀tun gbọ́, ó wá bẹ̀bẹ̀, ó ní òun ò mọ̀. Lóòótọ́ ni, kò mọ̀. Boaz ló mọ̀.

Nígbà tó yá, Susanna ní kó lọ sí Sábó. Ó ní, "Ẹ má dúró kí ẹsẹ̀ yín gbàgbé ọ̀nà." Ó lọ lọ́sàn-án ọjọ́ kan. Ó bá Àlàájì nínú ilé ìtọ́jú obì, láàárín agbọ̀n, ó ń fi ewé tútù bo obì. Àwọn obìnrin mélòó kan ń bó obì lápá kan, wọ́n ń bá ara wọn jà lórí ẹni tó gba àpótí ìjókòó ẹni. Boaz dọ̀bálẹ̀ pátápátá lórí èèpo obì.

"Dìde, aṣọ ẹ á pọ́n," ni Àlàájì wí. "Fa àpótí yẹn, jókòó."

Ó jókòó. Àlàájì béèrè Susanna, ó béèrè Ìmọ́lẹ̀olúwa ọmọ wọn, ó ní ṣé jẹnẹrétọ̀ wọn ṣì ń pariwo. Boaz dáhùn gbogbo rẹ̀. Lẹ́yìn náà ó ní, "Àlàájì, ọ̀rọ̀ ọjọ́ yẹn..."

"Mo ti forí jì ẹ́. Hàmdálátù ní kí n kí ẹ. Ó máa ń pè mí, ọkọ náà máa ń pè mí, ọmọ dáadáa ni." Àlàájì mú ewé kan, ó tẹ́ ẹ, ó tún mú òmíràn. "Ọ̀rọ̀ kan ló kù tí mi ò mọ bí mo ṣe fẹ́ gbé e sí. Tí wọ́n bá bímọ, tí ọmọ náà bá bèèrè lọ́jọ́ kan pé, ta ló fa ìyá mi fún bàbá mi? Òótọ́ ni wọ́n máa sọ fún un. Lìádì ni wọ́n máa dárúkọ. Èmi ni mo bí i, mo wà láyé, mo jókòó, mo ń pariwo sínú fóònù, orúkọ mi ò sí níbẹ̀."

Boaz mú ewé kan, ó na án sí i.

"Mi ò bá ẹ jà o," ni Àlàájì wí. "Mo kàn sọ ọ́ ni, torí kò sẹ́lòmíì tí mo lè sọ ọ́ fún."

Oníbàárà kan yọ lẹ́nu ọ̀nà, Haúsá kan, ó ní, "Àlàájì, sànnù, obì tuntun dà?" Àlàájì dá a lóhùn, ó ṣí agbọ̀n kan fún un, àwọn méjèèjì bẹ̀rẹ̀ sí í yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n ń gbé obì sókè sí ìmọ́lẹ̀. Ìjà àwọn obìnrin tó ń bó obì ti di ẹ̀rín. Boaz jókòó sórí àpótí, ó ń wo ọwọ́ ara rẹ̀. Lẹ́yìn náà ó dìde, ó gbọn èèpo obì kúrò lára ṣòkòtò, ó sì lọ.